Ibi Tí MAC Bá Ti Pòórá: Bí A Ṣe Ń Wá Àléébù VLAN Nínú Switch Ọ́fíìsì

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòkòó, mo júbà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fa wáyà láti Ọláìyá títí dé Ògo-Olúwa, tí ẹ ń gun àkàbà, tí ẹ ń ti wáyà bọ inú àjà nínú ooru ìlú wa yìí, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ yín ò ní bà jẹ́ lọ́wọ́ yín.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí VLAN tí kò ṣiṣẹ́, ìyẹn nẹ́tíwọ̀kì kéékèèké tí a pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú switch, ẹ̀rọ tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa ní ìbéèrè kan. Nígbà tí wọ́n bá pè yín pé "nẹ́tíwọ̀kì ti lọ", kí ni ọwọ́ yín kọ́kọ́ máa ń lọ bá? Àwọn kan á pa switch, wọ́n á tún un tàn. Àwọn mìíràn á wọ inú rẹ̀ lọ, wọ́n á máa yí èyí, wọ́n á máa yí tọ̀hún, títí nǹkan kan á fi yí padà. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú méjèèjì. Switch tí a pa tí a tún tàn ti pa ẹ̀rí rẹ́. Log, àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, ti lọ, tábìlì MAC, tó fi ń rántí ihò wáyà (port) tí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan wà, ti lọ, ohunkóhun tí a ò bá tíì fi pamọ́ ti bá a lọ. Èyí tí a sì ń fọwọ́ kàn láìmọ ibi tó ti ń ṣe é, àléébù kan ló ní láàárọ̀. Kó tó dìrọ̀lẹ́, ó ti di mẹ́ta, a ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ ti àkọ́kọ́ mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo gbé wá fún yín. Ẹ tẹ̀lé MAC address, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára káàdì nẹ́tíwọ̀kì, ti kọ̀ǹpútà tó ń ṣàìsàn láti switch kan dé èkejì. Ibi tí MAC náà bá ti pòórá, ibẹ̀ ni àléébù wà. Mo tún un sọ: ibi tí MAC bá ti pòórá, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí, ibẹ̀ ni kí ẹ tú wò.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ara wa yé lórí VLAN

Òṣogbo ìlú aró la wà. Ẹ fojú inú wo agbo ilé aláró kan. Tí aṣọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan bá wà nínú yàrá tirẹ̀, kò nílò àmì kankan, yàrá ti sọ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá kó gbogbo aṣọ sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, tí kò bá sí àmì lára ìkọ̀ọ̀kan, ta ló fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ti Ìyá Àdùkẹ́ yàtọ̀ sí ti Ìyá Àlàkẹ́?

Port access ni yàrá. Ohun tó bá wọlé níbẹ̀, ti VLAN kan ṣoṣo ni, kò gbé àmì kankan. Trunk ni ọkọ̀. VLAN púpọ̀ ló ń gba orí rẹ̀ kọjá, nítorí náà switch á so àmì mọ́ férémù, ìdì dátà kọ̀ọ̀kan, kó tó fi ránṣẹ́. Switch tó wà lódìkejì á ka àmì náà, á tú u kúrò, á sì gbé férémù fún ẹni tó ni ín.

IEEE 802.1Q, tó kọ́kọ́ jáde ní 1998, ni ìlànà tó ṣàlàyé àmì yìí. Báìtì 4 ni àmì náà, 0x8100 ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Bíìtì 12 nínú rẹ̀ ló wà fún nọ́ńbà VLAN. Ìyẹn fún wa ní 0 sí 4095, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi 0 àti 4095 sọ́tọ̀, 1 sí 4094 ló kù tí a lè lò. Férémù tó tóbi jù, tó jẹ́ báìtì 1518 tẹ́lẹ̀, á di 1522. Ẹ má fojú kéré báìtì mẹ́rin yẹn. Tí ẹnì kan bá ki ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò mọ 802.1Q sáàárín trunk, ó lè jẹ́ pé ping kékeré, ìkésíni tí a fi ń wò bóyá ẹ̀rọ kejì ń dáhùn, á kọjá wẹ́rẹ́, fáìlì ńlá á há. Ẹni tó bá fi ping nìkan dán an wò á ní kò sí nǹkan kan.

Wáyà ni ìpìlẹ̀

Mi ò ní pẹ́ níbí, nítorí ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ tẹ *show interfaces status* lórí switch; àṣẹ Cisco ni mo ń lò. Tí port bá ní *notconnect*, ẹ lọ wo wáyà àti orí rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé gbogbo rẹ̀ ò ju mítà 100 lọ. Tí ó bá ní *connected* ṣùgbọ́n ó kọ *a-half*, tàbí tí nọ́ńbà CRC, iye férémù tó bà jẹ́ lójú ọ̀nà, ń gòkè nígbà tí ẹ bá wo *show interfaces*, wáyà yẹn ò dáa, tàbí kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì má fohùn ṣọ̀kan lórí duplex, bóyá kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tàbí ní ìtẹ̀léra. Tí ó bá ní *err-disabled*, switch fúnra rẹ̀ ló ti port náà pa, ó sì nídìí tó fi tì í. *show interfaces status err-disabled* á sọ ìdí náà fún yín: bóyá port-security ni, ìṣọ́ tó ń lé MAC tí a kò fàyè gbà, bóyá ẹnì kan ló lọ ra switch kékeré tó gbé sábẹ́ tábìlì rẹ̀, tí BPDU guard, ìṣọ́ tó ń ti port tí switch mìíràn bá ti sọ̀rọ̀, sì mú un. Ẹ mú ìdí kúrò kí ẹ tó *shutdown*, kí ẹ tó *no shutdown*. Tí ẹ bá ṣí i láìmú ìdí kúrò, á tún padà kú.

Kí ẹ tó kúrò nídìí kọ̀ǹpútà náà, ẹ wo IP rẹ̀, àdírẹ́sì tó ń lò lórí nẹ́tíwọ̀kì. Tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ó bèèrè IP lọ́wọ́ DHCP, iṣẹ́ tó ń pín IP, kò rẹ́ni dá a lóhùn. Tí ó bá ní IP tó dáa, ṣùgbọ́n tó jẹ́ ti ẹ̀ka mìíràn, port yẹn wà nínú VLAN tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ni ìyẹn gbà, ó sì máa ń gbani lọ́wọ́ wákàtí méjì.

Bí a ṣe ń tẹ̀lé MAC

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ́fíìsì kan kalẹ̀. Ilé alájà mẹ́ta ni. Switch ńlá wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni server àti gateway, ẹnu ọ̀nà tó jáde kúrò nínú VLAN, wà. Switch kékeré kan wà lájà kọ̀ọ̀kan. VLAN 10 jẹ́ ti àwọn oníṣirò owó, VLAN 20 jẹ́ ti fóònù, VLAN 30 jẹ́ ti Wi-Fi àlejò. Wọ́n gbé oníṣirò owó kan lọ sí àjà kẹta. Láti ìgbà tó ti débẹ̀, kò rí server mọ́.

Ẹ tẹ *ipconfig /all* lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹ kọ MAC sílẹ̀. Windows á kọ ọ́ báyìí: 3C-52-82-AA-1B-04. Switch Cisco á kọ ọ́ báyìí: 3c52.82aa.1b04. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ wá ní kí kọ̀ǹpútà náà máa ping gateway láìdúró, *ping -t*. Kí ló fà á? Switch kì í rántí MAC tí kò bá sọ̀rọ̀. Lórí Cisco, lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 300 tí kọ̀ǹpútà bá ti dákẹ́, switch á pa á rẹ́ kúrò nínú tábìlì. Ẹ̀yin á wá máa rò pé trunk ló bà jẹ́, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà ló sùn.

Ẹ bọ́ sórí switch àjà kẹta, ẹ tẹ *show mac address-table address 3c52.82aa.1b04*. Kí ló yẹ kẹ́ ẹ rí? VLAN 10, àti port tí wáyà rẹ̀ wà. Tí ó bá jẹ́ VLAN 1 lẹ rí, ẹ ti mú olè, port access ni. Tí ẹ ò bá rí nǹkan kan rárá, ẹ padà sídìí wáyà. Tí ó bá jẹ́ VLAN 10, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sórí switch ńlá, ẹ tẹ àṣẹ kan náà. Tí òun náà bá rí i nínú VLAN 10 lórí port tó lọ sí àjà kẹta, ọ̀nà àlọ dáa. Tí kò bá rí i, ó pòórá láàárín méjèèjì, trunk lẹ máa tú wò. Tí ó bá wá rí i, àmọ́ tó jẹ́ pé nínú VLAN mìíràn ló ti rí i, ẹ fọkàn sí i, native VLAN ni. A ó dé orí rẹ̀.

Ọ̀nà àbọ̀ ńkọ́? Ẹ ṣe bákan náà fún MAC gateway tàbí ti server, láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Ọ̀pọ̀ ń wo àlọ nìkan, wọn kì í wo àbọ̀.

Nígbà tó bá jẹ́ port access

Ẹ tẹ *show vlan brief*. Ẹ wò ó bóyá VLAN 10 wà, bóyá port náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dààmú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́. Wọ́n á wá port láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn ò ní rí i lábẹ́ VLAN kankan, wọ́n á rò pé switch ti bà jẹ́. Rárá o. Tí ẹnì kan bá pa VLAN 10 rẹ́, àwọn port tó wà nínú rẹ̀ kì í padà sí VLAN 1. Inú VLAN tí kò sí mọ́ ni wọ́n ṣì wà, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi hàn. *show interfaces Gi1/0/12 switchport* á fi *Inactive* hàn yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà VLAN náà. Ẹ dá VLAN 10 padà, gbogbo wọn á jí lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo fẹ́ ká tún ronú nípa iná mànàmáná wa. Ẹ ṣiṣẹ́ tán, gbogbo nǹkan ń lọ geerege, ẹ gbàgbé *copy running-config startup-config*, àṣẹ tó ń fi ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ pamọ́. Lọ́jọ́ kẹta iná lọ, UPS ò sì lè gbé e. Nígbà tí switch bá padà wá, ẹ á rí i pé VLAN 10, 20, 30 wà níbẹ̀ pé pérépéré pẹ̀lú orúkọ wọn, ṣùgbọ́n kò sí port kankan nínú wọn. Báwo ló ṣe jẹ́? Nígbà tí switch Cisco bá wà ní ipò server fún VTP, ètò tó ń pín àkọsílẹ̀ VLAN láàárín àwọn switch, inú fáìlì *vlan.dat* tó wà nínú flash, ibi ìpamọ́ tí kì í pa rẹ́ tí iná bá lọ, ló ń kọ VLAN sí lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé port 12 jẹ́ ti VLAN 10, inú running-config nìyẹn wà, iná sì ti gbé e lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀yí á wo orúkọ VLAN, á ní kò sí ohun tó ṣe switch, á wá máa dá server lẹ́bi.

*vlan.dat* yìí kan náà ló ń fi tòkunbọ̀ pa wá lára. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ pọ̀ lọ́jà, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni wí tó bá rà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: *erase startup-config* kì í pa *vlan.dat* rẹ́. Ẹ̀yin rò pé ẹ ti fọ ẹ̀rọ náà mọ́. VLAN ilé iṣẹ́ tó lò ó tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, orúkọ domain VTP wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ switch tó jọ ń pín VLAN, wà níbẹ̀, revision number wọn, nọ́ńbà tó ń gòkè bí wọ́n bá yí VLAN padà, náà wà níbẹ̀. Ẹ so ó mọ́ switch ọ́fíìsì yín, trunk sì gbéra láàárín wọn. Tí domain bá jọra, tàbí tí switch tiyín ò bá ní domain rárá tó sì gba ti àlejò, tí kò sì sí password VTP níbẹ̀, ẹni tí revision rẹ̀ bá ga jù ló máa darí. Switch tòkunbọ̀ á pa VLAN gbogbo ọ́fíìsì rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Báwo la ṣe máa ṣe Ifá tí kò ní hùwà èkùrọ́? VTP version 1 àti 2, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Nítorí náà, kí tòkunbọ̀ tó fojú kan nẹ́tíwọ̀kì yín, ẹ tẹ *delete flash:vlan.dat*, ẹ tẹ *erase startup-config*, ẹ *reload*, kí ẹ sì fi *vtp mode transparent* sí i. Kí ẹ wo *show vtp status* kí ẹ tó so wáyà.

Nígbà tó bá jẹ́ trunk

Ibí ni iṣẹ́ wà jù, ibí náà ni mo fẹ́ ká jókòó sí.

Àṣẹ tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ ni *show interfaces trunk*. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹgbẹ́ méjèèjì. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà lóòótọ́, àmọ́ orí méjì péré ni trunk ní, orí kan tó bá yàtọ̀ ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Apá mẹ́rin ló máa jáde. Àkọ́kọ́ á sọ bóyá trunk ni, àti native VLAN rẹ̀. Èkejì á sọ VLAN tí a fàyè gbà. Ẹ̀kẹta á sọ èyí tó wà láàyè nínú àwọn tí a fàyè gbà. Ẹ̀kẹrin á sọ èyí tí spanning-tree, ètò tó ń dí ọ̀nà kí férémù má baà máa yí po, ń jẹ́ kó kọjá. Ẹ wá VLAN 10 nínú wọn ní ìtẹ̀léra. Tí kò bá sí nínú èkejì, wọn ò fàyè gbà á. Tí ó bá wà nínú èkejì tí kò sí nínú ẹ̀kẹta, ẹ ò tíì dá VLAN náà lórí switch yẹn. Tí ó bá wà nínú ẹ̀kẹta tí kò sí nínú ẹ̀kẹrin, spanning-tree ti dí i, tàbí kí VTP pruning, tó ń gé VLAN tí kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ kúrò lórí trunk, ti gé e. Ṣé ẹ rí i pé switch fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́wọ́?

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kékeré kan tó ti ba ọ̀sán jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Trunk yín ń gbé VLAN 10 àti 20. Wọ́n ní kí ẹ fi 30 kún un. Ẹ tẹ *switchport trunk allowed vlan 30*. Kí lẹ ṣe? Ẹ ò fi 30 kún un o. Ẹ lé 10 àti 20 jáde, 30 nìkan ló kù. Oníṣirò owó pariwo, fóònù dákẹ́, àti pé tó bá jẹ́ orí VLAN 10 lẹ gbà wọlé sínú switch náà, ẹ̀yin pàápàá ti wà níta. Ọ̀rọ̀ tó sọnù ni *add*: *switchport trunk allowed vlan add 30*. Lẹ́tà mẹ́ta péré. Kí ẹ tó fọwọ́ kan trunk tó jìnnà sí yín, ẹ fi config tó dáa pamọ́ ná, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ *reload in 10*. Tí iṣẹ́ bá lọ dáadáa, *reload cancel*. Tí ẹ bá ti ara yín mọ́ta, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá switch á pa ara rẹ̀, á tún ara rẹ̀ tàn, á padà sí èyí tẹ́ ẹ fi pamọ́. Ó sàn ju kí ẹ gun ọ̀kadà láti Òkè-Fìà lóru lọ.

Native VLAN wá kàn. Native ni VLAN tó ń gba orí trunk kọjá láìní àmì. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ní native òun jẹ́ 10, tí èkejì ní tòun jẹ́ 99, férémù á jáde láìní àmì láti inú VLAN 10, ẹni tó gbà á á sọ pé, "Èyí tí kò ní àmì, ti 99 ni," á sì jù ú síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí MAC fi ń yí VLAN padà bó ṣe ń sọdá. Tó bá jẹ́ Cisco sí Cisco, CDP, ètò tí àwọn ẹ̀rọ Cisco fi ń mọ ara wọn, á pariwo nínú log: *NATIVE_VLAN_MISMATCH*, spanning-tree sì lè dí VLAN méjèèjì lórí port náà, á fi *PVID_Inc* hàn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá so oríṣi ẹ̀rọ méjì pọ̀, ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò ní pariwo. Férémù á kàn máa jò láti VLAN kan bọ́ sí òmíràn, àlejò Wi-Fi á sì wà lára ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Tábìlì MAC ló máa tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni DTP, ètò tí switch Cisco fi ń bára wọn jíròrò bóyá port á di trunk. Tí ẹ bá fi ẹgbẹ́ méjèèjì sí *dynamic auto*, olúkúlùkù ń dúró de ẹnì kejì kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀, méjèèjì á di access. Ẹ má fi í lé wọn lọ́wọ́. Ẹ kọ *switchport mode trunk* sí ẹgbẹ́ méjèèjì, kí ẹ tún kọ *switchport nonegotiate*.

Àwọn tó ń da oríṣi ẹ̀rọ pọ̀, ẹ ṣọ́ra. Trunk Cisco ń fàyè gba gbogbo VLAN láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti Huawei, VLAN 1 nìkan ló ń fàyè gbà, àyàfi tí ẹ bá kọ *port trunk allow-pass vlan 10*. Lórí ProCurve àti àwọn Aruba tó ń lo ArubaOS-Switch, inú VLAN lẹ ti máa kọ port, *tagged 24*, *untagged 12*. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà *trunk* lọ́dọ̀ tiwọn kì í ṣe ohun tí Cisco ń pè bẹ́ẹ̀, wáyà púpọ̀ tí a dì pọ̀ di ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní trunk. Lórí bridge MikroTik, gbogbo VLAN tẹ́ ẹ kọ ò ní ṣe nǹkan kan títí ẹ ó fi tan *vlan-filtering=yes*, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sì tàn án láìkọ VLAN tẹ́ ẹ fi ń wọlé síbẹ̀, ẹ ti ti ara yín mọ́ta.

Nígbà tí MAC dé ibi gbogbo, tí ọ̀rọ̀ ò sì bọ̀ sípò

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Switch ń gbé férémù káàkiri nínú VLAN kan; láti inú VLAN kan bọ́ sínú òmíràn, ó di iṣẹ́ router, tàbí ti SVI, ojú router tí a dá fún VLAN kan, lórí switch ńlá. Nítorí náà tí MAC bá ti dé ìsàlẹ̀ nínú VLAN 10, ẹ fi trunk sílẹ̀. Wọn kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá.

Ẹ tẹ *show ip interface brief*. Tí *Vlan10* bá ní *up/down*, ó ń sọ pé kò sí port kankan tó wà láàyè nínú VLAN 10 tí spanning-tree ti jẹ́ kó máa gbé férémù, tàbí pé VLAN náà kò tilẹ̀ sí. Tí ó bá ní *administratively down*, *no shutdown* ló ń dúró dè. Tí kọ̀ǹpútà bá ping gateway tirẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò kọjá ibẹ̀, ẹ wò ó bóyá *ip routing* wà lórí switch, kí ẹ sì wo subnet mask kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ mọ. 255.255.0.0 níbi tó yẹ kó jẹ́ 255.255.255.0 á mú kó rò pé server tó wà nínú VLAN mìíràn wà nílé pẹ̀lú òun, kò ní gbé e fún gateway.

DHCP ńkọ́? Ẹ fún kọ̀ǹpútà ní IP àfọwọ́kọ tó bá VLAN 10 mu. Tí gbogbo nǹkan bá ṣiṣẹ́, VLAN yín ò ṣàìsàn, DHCP ló ń ṣe é. Ìbéèrè DHCP kì í jáde kúrò nínú VLAN fúnra rẹ̀. Tí server DHCP bá wà ní VLAN mìíràn, *ip helper-address*, àṣẹ tó ń gbé ìbéèrè náà lọ fún un, gbọ́dọ̀ wà lórí SVI VLAN 10. Tí ẹnì kan bá sì ti tan DHCP snooping, ìṣọ́ tó ń lé server DHCP ayédèrú, port tó lọ sọ́dọ̀ server gbọ́dọ̀ ní *ip dhcp snooping trust*, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ switch á máa da ìdáhùn server nù bí ìgbà tí olè ló fi ránṣẹ́. Ẹ fi í sórí gbogbo trunk tó wà lójú ọ̀nà, kì í ṣe orí switch ńlá nìkan.

Ó kù sọ́wọ́ yín

Switch méjì ló wà lórí tábìlì iwájú yìí, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà méjì tí ó yẹ kí wọ́n jọ wà nínú VLAN 10. Wọn ò rí ara wọn. Nǹkan mẹ́ta ló bà jẹ́ nínú wọn, gbogbo rẹ̀ ni a ti dárúkọ lónìí. Ẹ pín ara yín sí mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ *configure terminal* títí ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi kọ orúkọ switch, nọ́ńbà port, àti VLAN tí MAC ti pòórá sínú ìwé, kí wọ́n sì gbé e wá fún mi wò. Ẹgbẹ́ tó jókòó sítòsí fèrèsé, ẹ̀yin lẹ máa bẹ̀rẹ̀. Wáyà console wà nínú àpótí aláwọ̀ búlúù yẹn.